Bí Ọlọ́run Ṣe Gbà Mí Lọ́wọ́ Rìsíìtì

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kì í tìtorí ìwà òmùgọ̀ kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí n tó sọ ohun tí Olúwa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe: mo sùn.

Wọ́n pe gbogbo àwa tá à ń ta oúnjẹ sí ìpàdé kan l'Ẹ́gbẹ́dá, pé àwọn ará ọ́fíìsì owó orí fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ A/C wọn tutù, òyìnbó tí wọ́n ń sọ sì gùn. Ẹni tó ti wà nídìí iná láti ìdájí, kí ló fẹ́ ṣe? Ìgbà tí mo máa lajú, àwọn èèyàn ti ń dìde. Mo bi Bàbá Ràfíù, tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi n'Ígàndó, pé kí ni wọ́n wí.

Ó ní, "Wọ́n ní ká máa kọ gbogbo nǹkan sórí rìsíìtì. Ẹni tí ò bá kọ ọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa."

"Gbogbo nǹkan bíi kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo nǹkan ni gbogbo nǹkan, jàre!"

Àyà mi já. Èmi tí mo máa ń pariwo ládùúgbò pé mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo ń ka Sáàmù lábẹ́nu títí ọkọ̀ fi dé Ìkọ̀tun.

Ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ fẹ́ jẹ ẹ̀bà, mo ti mú bírò: Orúkọ yín? Nọ́ńbà fóònù? Ojúlé wo lẹ̀ ń gbé? Ọkùnrin kan gbé òkèlè dúró lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀bà ni mo wá jẹ, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ yín fún mi fẹ́ ni?" Òmíràn ní mo fẹ́ ta òun fún àwọn ajínigbé.

Àsìkò yẹn gan-an ni ààwẹ̀ ìjọ wa bọ́ sí. Ẹ má wojú ara yín o! Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yọ́ wọlé lọ́sàn-án, wọ́n á kẹ̀yìn sí títì, wọ́n á rọra jẹ ìrẹsì wọn. Ṣé irú wọn ló yẹ kí n máa bi ní orúkọ? Mo bi wọ́n! Alàgbà kan fi odindi ẹran sílẹ̀ nínú abọ́, ó sá lọ.

Kò pẹ́, ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dàpọ̀, ọbẹ̀ ń kan nínú ìkòkò, ẹ̀yin ń kọ orúkọ. Tó bá dọ̀la, ta lẹ máa kọ, èmi?"

Kí n fọwọ́ ara mi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, àbí kí ìjọba bá mi tì í? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí. Mo ní, "Olúwa, ó ti sú mi! Rán ẹni tó mọ òfin yìí sí mi, kó sì jẹ́ pé ebi á máa pa á."

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ń gbọ́! Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, obìnrin kan wọlé tòun ti káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn. Mo mọ ojú yẹn. Òun ló ń sọ̀rọ̀ l'Ẹ́gbẹ́dá nígbà tí oorun gbé mi lọ. Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó kẹ̀yìn sí títì, ó ní kí n bu ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí wá. Mo mú bírò. "Màdáámù, orúkọ yín, nọ́ńbà yín, ojúlé yín."

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa bi oníbàárà ní gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ẹ bá mi yọ̀ kí n tó sọ èsì rẹ̀, torí láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì wa ò ṣófo mọ́. Ògo ni fún Ẹni tó gba òmùgọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀! Obìnrin náà ní:

"Ọjọ́, ohun tí ẹ tà, iye tí ẹ tà á. Ẹ kọ ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, ẹ má jù ú nù. Ẹni tó wá jẹun, tó sanwó, tó bá tirẹ̀ lọ, kí la fẹ́ fi nọ́ńbà ẹ̀ ṣe? Ẹ má sì kọ orúkọ tèmi síbì kankan o, Bàbá. Inú ààwẹ̀ ni mo wà."