Ọ̀mùnú Dálíà Bàbá Olúsànyà

Ìyá Yésúfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ ní kí Yésúfù kà á fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan òun gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀yin àti àbúrò ọkọ yín wá bá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ṣe ìwádìí nípa ìdílé Ìdíátù tí ọmọ yín fẹ́ fi ṣaya. Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ, pé Sìdíkátù ìyá rẹ̀ ló wà nídìí ikú bàbá onílé wa ní ọdún 1985. Mo ní, "Alhaja, n kò lè sọ nǹkan kan sí i." Mo wá mí kanlẹ̀. Irọ́ ni mímí yẹn, ó sì burú ju kí n la ẹnu sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kì í ṣe olófòófó, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo gbọ́ pé ẹ ti ní kí Yésúfù jáwọ́. Òtítọ́ tí mo fi pamọ́ fún ọdún méjìlá ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí. Sìdíkátù kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Èmi Ọmọlará ni mo purọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn irọ́ náà mo tún ṣe èyí tó burú jù ú lọ.

Bàbá Olúsànyà ló ni ilé tí gbogbo wa háyà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà òdòdó ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Lucy ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣe tíṣà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Nǹkan tó kù tí Bàbá ń fi gbogbo ọkàn ṣe ni òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní dálíà. Ọdọọdún ló ń gbin hóró rẹ̀ ní ọ̀tun. Bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, á gbin hóró náà sínú agolo mílíìkì tó ti dá ihò sí nídìí. Bó bá ti lágbára díẹ̀, a ó kó o lọ sórí ebè níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Tó bá fi máa di Kérésì, pupa ńkọ́, yẹ́lò ńkọ́, funfun ńkọ́, àwọn tó ń lọ sí Ìdímù á dúró lójú ọ̀nà, wọn á máa wò ó. Bí òdòdó kan bá sì rọ, Bàbá á ní kí a gé e kúrò kíákíá kí òmíràn lè yọ. Àmọ́ ohun méjì wà tí kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Dálíà kò fẹ́ kí omi dúró sí òun nídìí, nítorí náà bí ilẹ̀ kò bá tíì gbẹ, má bomi rin ín. Bó bá sì ti ní ewé ní ìpele mẹ́rin, kí a fi èékánná já ọ̀mùnú rẹ̀, ìyẹn ewé múlọ́múlọ́ tó wà lókè pátápátá. Bàbá á ní, "Tí o bá fi í sílẹ̀, á kàn máa ga lásán ni. Já a, wàá rí i bó ṣe máa pẹ̀ka." Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi bá Bàbá ṣe iṣẹ́ yìí, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi já ọ̀mùnú wọn ní ọdún méjèèjì. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, mo sì wà lára àwọn obìnrin tó ń tọ́jú òdòdó pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, n ó gé dálíà bíi mẹ́wàá, n ó tò ó sórí pẹpẹ, fíkà á sì ní, "Sister Ọmọlará, ọwọ́ yín mà dára o!" N ó rẹ́rìn-ín, n ó tẹríba. N kò sọ lọ́jọ́ kan pé ọwọ́ Bàbá arúgbó kan ló dára. Ìgbà tí Jàfárù télọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kó wọ ilé wa pẹ̀lú Sìdíkátù aya rẹ̀ àti Ìdíátù tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni nǹkan yí padà. Oko ni wọ́n ti tọ́ Sìdíkátù dàgbà. Ó kàn wo Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ iṣẹ́ náà. Dálíà tó bá kó láti inú agolo kì í rọ. Bàbá ní, "Ọwọ́ ìyàwó Jàfárù yìí ti mọ ilẹ̀ ṣáájú kó tó débí." Ní Kérésì ọdún náà, òdòdó tó kọ́kọ́ là tóbi tó àwo tánganran, pupa fòò. Mo ti ń wo ibi tí n ó gbé e sí lórí pẹpẹ nígbà tí Bàbá ní, "Ọmọlará, fi ìyẹn sílẹ̀ fún Sìdíkátù." Sìdíkátù fi í sínú ife, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ rẹ̀ ní fàráńdà, àwọn oníbàárà sì ń yìn ín. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Ká ní ọkọ mi ló gbà ni, ìtìjú mi lónìí ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Òdòdó ni o, Alhaja! Òdòdó tí kò tiẹ̀ jẹ́ tèmi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, ọjọ́ Ọjọ́rú kan báyìí, mo wà nídìí kànga, mò ń fọ aṣọ. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Sìdíkátù, ó ti tó àsìkò. Já ọ̀mùnú gbogbo wọn lónìí, má ṣẹ́ ọ̀kan kù." Sìdíkátù ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń já a, ó ń jù ú sílẹ̀. Mo gbọ́, mo sì rí i. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀, apá kan ara rẹ̀ rọ, ohùn rẹ̀ sì lọ. A gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Lucy wá kó aṣọ Bàbá ní ọjọ́ Ẹtì, ó rí àwọn ọ̀mùnú tó ti gbẹ nílẹ̀ káàkiri, gbogbo dálíà sì dúró láìní ṣóńṣó. Ó kígbe pé, "Ta ló ṣe eléyìí sí nǹkan Bàámi?" Mary tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ní, "Sìdíkátù mà ni. Ọjọ́rú ni mo rí i." Ojú Lucy yí, ó kọjú sí Sìdíkátù. Ó ní, "Ọjọ́rú? O já ọ̀mùnú ohun tí bàbá arúgbó gbìn, ó wá ṣubú ní ọjọ́ kejì?" Alhaja, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí létí àwa èèyàn, bí ẹni pé ẹ̀mí Bàbá ló já. Sìdíkátù kúnlẹ̀, ó ní, "Aunty Lucy, Bàbá ló ní kí n já a, ma. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ bi Aunty Ọmọlará, wọ́n wà nídìí kànga, wọ́n gbọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Lucy ní, "Aunty, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé wọ́n máa ń já a ni?" Mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n irọ́ ni n ó tún máa pa. Ẹ̀rù kò bà mí. Inú mi dùn. Mo ní, "N kò gbọ́ kí Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọdún méjì tí mo fi bá wọn ṣe é, n kò rí irú rẹ̀ rí." Sìdíkátù wò mí. Ó kàn ní, "Aunty?" Lucy ní kí wọ́n kó jáde kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Jàfárù bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn àgbà àdúgbò bá wọn bẹ̀bẹ̀, Lucy kọ̀. Jàfárù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí, Ìdíátù ru ẹní, wọ́n forí lé ọ̀nà Ìkòtún. Sìdíkátù ló kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó ní, "Aunty, ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi rí i pé wàhálà ń bọ̀. Ibi tí Sìdíkátù ti já ọ̀mùnú kan, ẹ̀ka méjì ti ń yọ, òmíràn yọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi lè là ní Kérésì, Lucy á rí i pé iṣẹ́ rere ni obìnrin náà ṣe, á sì bi mí léèrè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin wọ́n. Mo fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi tí omi ń gbà ṣàn kúrò nídìí ebè, mo bomi rin wọ́n láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tún bomi rin wọ́n nígbà tí mo bá dé. Lójú gbogbo ayé ni mo ti ń ṣe é. Mary, tó máa ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ní, "Mama Báyọ̀dé, ẹ mà ń gbìyànjú o." Lucy wá, ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká, ó ní Ọlọ́run á tọ́jú tèmi náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé wọn ti pọ́n, ìdí wọn ti rà, mo fà wọ́n tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lucy gbà pé ohun tí Sìdíkátù ṣe ló pa wọ́n.

Wọ́n gbé Bàbá padà wálé ní oṣù kejìlá. Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lucy ní láti padà síléèwé torí ìdánwò àwọn ọmọ, èmi ló sì fi Bàbá lé lọ́wọ́, torí mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá ní kí n mú òun lọ sídìí ebè. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ki ìka bọ ilẹ̀, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ta ló ń bomi rin ín?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó ní, "Sìdíkátù dà?" Mo ní, "Wọ́n ti kó lọ, sà. Aunty Lucy ló lé wọn torí ó já ọ̀mùnú." Ó nu yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó wá ní, "Èmi ni mo ní kó já a. Ọmọlará, ìwọ náà mọ̀." N kò lè gbé ojú sókè. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Lọ pe Lucy wá fún mi. Lónìí."

Alhaja, ohun tó burú jù nínú ayé mi nìyí. Mo di gèlè, mo gbé báàgì, mo jáde. Mo dé Ìdímù, mo jókòó sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta òwú, mo lo wákàtí mẹ́ta níbẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo padà, mo sọ fún Bàbá pé, "Mo bá a, sà. Ó ní lọ́la." Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n wọ fìlà fún òun, kí n gbé òun sí fàráńdà. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Bí ìró ẹsẹ̀ bá ti ń bọ̀, á ní, "Lucy?" Mo sọ pé ó jọ pé iṣẹ́ ló dá a dúró, bóyá Ọjọ́rú. Ó tún jókòó ní Ọjọ́rú. Ó kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Níbi ìsìnkú, Lucy dúró níwájú èrò, ó ní ọmọ ni mo jẹ́ fún bàbá òun. Àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti ń sọ láàárín ara wọn pé Sìdíkátù ti parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ yẹn ló tẹ̀ lé e dé Ìkòtún, òun náà ló sì dé etí yín.

Ẹ lè bi mí pé kí ló wá dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe èèyàn mímọ́. Ìdíátù ló wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé. N kò dá a mọ̀, ó ti di arẹwà obìnrin. Ó jọ pé kò tíì gbọ́ pé ẹ ti wá, ẹ sì ti ní kí Yésúfù jáwọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi ní kí n kí yín, ma. Wọ́n ní tí àwọn ará ilé Yésúfù bá wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ yín, kí n má bẹ̀rù, torí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ òtítọ́." Ọdún méjìlá, Sìdíkátù ṣì ń pè mí ní ẹlẹ́rìí rẹ̀! Mo fún ọmọ náà lómi mu. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ bá ka ìwé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá pẹ́, ẹ ó rí i pé ẹ ó máa wá nǹkan míì ṣe kí irọ́ náà má bàa tú.

Mo ti kọ irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí Lucy. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin, n ó wá sílé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Sìdíkátù àti Jàfárù, ẹ pe àbúrò ọkọ yín, ẹ pe Mary pàápàá. Kí ẹ wá bi mí léèrè níṣojú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bi mí lọ́jọ́sí. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ forí jì mí. Sìdíkátù ló ni ìdáríjì yẹn, bó bá sì ní òun kò forí jì mí, kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi gba ọkọ lọ́wọ́ Ìdíátù. Ojú á tì mí lọ́jọ́ náà, mo mọ ara mi. Bí ohùn mi bá lọ sílẹ̀, ẹ ní kí n sọ ọ́ sókè.