Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mo Yí Padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mi ò jalè rí, mi ò sì fẹ́ ìyàwó méjì. Àmọ́ ohun tí mo ṣe fún ìyàwó mi kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò lọ rí dókítà rẹ̀, bó bá sì ti dé ibẹ̀, àṣírí mi á tú. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé lónìí nìyẹn.

Houston ni a ń gbé, ní àdúgbò Brays Oaks. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo wá kàwé, mo di ẹnjiníà, mo ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń ránṣọ, ó ń tọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ ìyá mi tó ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ìgbà tí ó fi wá bá mi, irun àwa méjèèjì ti funfun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dá jẹun nínú ìlú yìí.

Ẹ̀yin ará, kò pẹ́ tí ó dé tí ó fi mọ èèyàn jù mí lọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju ìkíni àti ìdúpẹ́ lọ, síbẹ̀ ẹni tó ń ta ẹja fún wa mọ orúkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì á sì dúró dè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìsìn bá parí, èmi á lọ jókòó sínú ọkọ̀, màá sùn, màá jí, Àbẹ̀kẹ́ ò tíì kí èèyàn tán. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ipò gómìnà ni ó fẹ́ dù. Mo ń rẹ́rìn-ín lójú ayé, àmọ́ inú mi ò dùn. Ó dà bíi pé mo retí rẹ̀ títí, ó wá dé, ó tún di ti gbogbo ayé.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń le díẹ̀díẹ̀, kò lè gba èémí tó mọ́. Wọ́n fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú. Ọ̀fìnkìn lásán, tí ẹlòmíì á fi ọbẹ̀ ata lé lọ, lè pa á.

Lọ́jọ́ tí a lọ gba àlàyé nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ pe ògbufọ̀ kan lórí fóònù, ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, ṣebí èmi ni ọkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí ibẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní Àbẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọ àárín èrò mọ́. Kò gbọdọ̀ jókòó nínú yàrá pẹ̀lú ẹni tó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan o. Kí ó máa jókòó síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí èèyàn méjì mẹ́ta máa wá kí i, kí wọ́n jìnnà sí i díẹ̀, kí wọ́n lo ìbòmú tí wọ́n bá máa sún mọ́ ọn. Ó wo Àbẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó fẹ́ràn èèyàn báyìí, tí a bá tì í mọ́lé, àárẹ̀ rẹ̀ á le sí i.

Àbẹ̀kẹ́ yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ rí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Àwọn ọmọ ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni. Àyàfi èmi."

Ó yíjú sí dókítà. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó ní, "Thank you, doctor." Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀rọ̀ òun wọlé.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí. Mi ò jókòó gbèrò rẹ̀. Ẹnu mi ló kàn sọ ọ́, nígbà tí ó sì ti jáde tán, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní ìgbà wo ni èmi náà fẹ́ ní ìyàwó tèmi?

Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ níbí. Ayé dùn mọ́ mi láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ń se oúnjẹ, à ń jẹ ẹ́ pọ̀. Ó ń sọ ìtàn àwọn ọdún tí mi ò sí nílé fún mi, bí Tóyìn ọmọ wa ṣe kọ́kọ́ rìn, bí ìjì ṣe ká òrùlé kúrò. Mi ò gbọ́ wọn rí. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá pè, màá ní ó ń sùn. Wọ́n ní àwọn á wá dúró síta, kí àwọn kàn rí i. Mo ní dókítà kọ̀. Tóyìn, tó ti di ìyá ọlọ́mọ ní Cinco Ranch, ní, "Daddy, parking lot ńkọ́? A ò ní wọlé rárá." Mo ní dókítà ò fẹ́ ìyẹn pàápàá. Ó gbà mí gbọ́. Ta ni yóò rò pé bàbá òun lè purọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìtàn tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń kí obìnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ yín mà dáa." Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo lọ fọ abọ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù wa ló bàjẹ́ nígbà ooru. Àjà kejì ni a wà. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe wá láàárọ̀, bó bá sì wọlé tó bá Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ìyàwó mi á bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí àlejò wọlé, irọ́ mi ti já nìyẹn. Mo gbé àga rẹ̀ sí bàlíkónì tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo fa ilẹ̀kùn gíláàsì dé.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ẹ̀rín ni mo gbọ́. Rósà, obìnrin ará Honduras tó ń gbé nísàlẹ̀, dúró láàárín àpò ẹrù tó rà, ó gbójú sókè. Yorùbá ni Àbẹ̀kẹ́ ń sọ, Sípáníìṣì ni Rósà fi ń dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Àbẹ̀kẹ́ nawọ́ sí ẹrù náà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó wúwo." Rósà nawọ́ sí rọ́bà imú Àbẹ̀kẹ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n jọ wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ́. Mo dúró sẹ́yìn gíláàsì, mò ń wò wọ́n.

Nígbà tó wọlé, mo ṣe bí ẹni tínú ń bí. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti gbàgbé ohun tí dókítà sọ ni?"

"Dádì Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́. Ó jìnnà sí mi. Atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ẹ má sọ fún wọn."

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní ó dáa, mi ò ní sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Rósà gbé àga jáde. Kò pẹ́, Mr. Willie náà gbé tirẹ̀ wá, bàbá adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ti fẹ̀yìn tì. A ti jọ ń gbé níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹni kẹta ni Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlọrin, òun ló wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọn á jókòó nísàlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ á jókòó lókè, ọ̀rọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Mr. Willie kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Bùkọ́lá, bá mi sọ fún Bàbá yẹn pé ohùn wọn ti yí. Kí wọ́n lọ mu nǹkan gbígbóná, kí wọ́n padà wá tí ara wọn bá ti yá."

Mr. Willie ní, "Me? I ain't got no cold."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀fìnkìn ti dá a dùbúlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti gbọ́ ọ nínú ìkíni lásán, láti òkè! Tí àwọn èèyàn bá pọ̀ jù, á ní kí àwọn kan lọ, kí wọ́n wá lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè wá, á ní, "Ibẹ̀ yẹn náà dáa, mò ń rí yín."

Ẹ̀yin ará, kí wọ́n jìnnà, kí atẹ́gùn fẹ́, kí wọ́n má pọ̀, kí ẹni tó ń wúkọ́ má wá. Gbogbo ohun tí dókítà sọ tí mo gbé mì, obìnrin tí kò gbọ́ ọ rárá ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo jókòó sínú yàrá. Ohun tí mo ti ń pè ní àsọjù láti ọjọ́ yìí, ẹ̀bùn ni. Ọlọ́run ló fi sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí gan-an. Ó tún ń jẹun. Ó tiẹ̀ ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n sì sòótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́, mo ní bóyá ọ̀rọ̀ náà á lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jáde sí bàlíkónì láti gbé omi fún un. Bùkọ́lá rí mi láti ìsàlẹ̀. "Daddy, doctor yín try gan-an o. Ètò tí wọ́n ṣe fún Mummy yìí dáa. Àwọn mìíràn, ṣe ni wọ́n máa ń tì wọ́n mọ́lé."

Kí n tó lanu, Àbẹ̀kẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín. "Doctor kẹ̀? Wọn ò mọ̀ o! Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rí ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni? Even outside?"

"Ohun tí Daddy gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn."

Bùkọ́lá gbójú sókè. Ó kàn ń wò mí. Mo wọlé.

Lẹ́yìn oúnjẹ lọ́jọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀. Ó ní dókítà yẹn ṣe dáadáa sí òun, òun wá ń rú òfin rẹ̀ lẹ́yìn. Tí a bá dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun fẹ́ jẹ́wọ́ fún un.

"Bùkọ́lá ló máa bá mi túmọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú, mo mọ̀ yín, ẹ máa fẹ́ bò mí láṣìírí."

Mo ní kò sí nǹkan tó fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní ó wà. Ó di apá àga mú, kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀, rọ́bà ọ́síjìn ń wọ́ nílẹ̀. Èémí rẹ̀ ń sáré.

"Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Ẹ kì í purọ́. Èmi ni mo kó yín sínú irọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un kó tó di ọjọ́ náà, kí n sì máa bẹ̀rù pé ìbànújẹ́ á gba ìwọ̀nba èémí tó kù fún un? Àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, níwájú Bùkọ́lá? Báwo ni mo ṣe máa wo ojú Tóyìn àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí mo lé kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn? Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò rí i. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e dìde, mo fi í jókòó, mo nu omi ojú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti dárí jì í.