Ta Ní Ń Gbé Oúnjẹ Wá fún Lébìrà?

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Èmùré, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi fóònù rẹ̀ han ìyá àgbẹ̀ kan, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

“Mọ́mì, mo ti ríṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Owó àsansílẹ̀ nìkan ló kù. Mo fẹ́ fi owó máṣíìnì ìránṣọ tí mo ń tọ́jú san án báyìí.”

“Dúró ná. Ìwọ lo fẹ́ ṣiṣẹ́, ìwọ náà lo tún fẹ́ sanwó?”

“Wọ́n ní àwọn yóò dá a padà, mà.”

“Ọmọ mi, bí mo bá bẹ lébìrà kó wá kọ ebè fún mi, ta ní ń gbé oúnjẹ wá sóko?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ọ̀gá tìrẹ wá ní kí lébìrà gbé uyán wá fún òun!”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ iyán náà. Ọ̀dọ́bìnrin náà wo fóònù rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ni òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ní àwọn fẹ́ gbà á síṣẹ́: “Ọ̀gá, lébìrà yín ti dé oko o. Uyán dà?”

Èsì dé kíá, ohùn ọkùnrin kan sì ń jágbe: “Ṣé o ń fi mí ṣeré ni? Sanwó, kí àyè tó kún!”

“Ebi ló ń pa á,” ni ìyá náà wí. “Sọ fún un pé kó máa bọ̀ lóko mi l'Émùré. Bó bá kọ ebè, n ó fún un ní uyán, n kò sì ní gba owó àsansílẹ̀.”