Ojú Ajá Ló Tú Àṣírí Mi

Bàbá Àlàbá ṣì ń kí mi bí a bá pàdé lọ́jà Igolo. Á ní, "Ìyàwó wa, ṣé dáadáa lẹ wà?" Èmi náà á kúnlẹ̀ dáhùn, á sì kọjá lọ. Kò sí ẹni tó máa wò wá tó máa mọ̀ pé nǹkan wà láàárín wa. Àmọ́ ọkùnrin yìí, tó máa ń jẹun nílé wa bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni, kò fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá wa mọ́, èmi ni mo sì lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí i rí. Irọ́ kékeré ni mo pa, lórí ọ̀rọ̀ ajá. Mo rò pé ajá kò lè rojọ́. Ta ló máa sọ fún mi pé ojú rẹ̀ lè jẹ́rìí?

Ọdẹ ni ọkọ mi, níhìn-ín ní Ifangni. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ìran ajá tó ń sìn, ajá pupa, elétí ṣóńṣó, tí kì í gbó lásán. Àwọn ọdẹ a máa ti Tchaada wá tọrọ ọmọ wọn. Bàbá Àlàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Igolo, ní akọ ajá tirẹ̀ tó mọ igbó dáadáa. Nígbà tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kí akọ yẹn gun Tanímọ̀la, abo ajá wa. Kí ọkọ mi tó wọ igbó lọ, ó kìlọ̀ fún mi: "Abo yìí ti ń wá akọ. Má jẹ̀ẹ́ kí Ẹkùn, akọ ajá wa, sún mọ́ ọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Mo ní mo gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mò ń kánjú gbé gàrí lọ sọ́jà, mo gbàgbé ilẹ̀kùn ọgbà ajá ní ṣíṣí. Nígbà tí mo padà dé, Ẹkùn àti Tanímọ̀la ti so mọ́ra. Mo da omi lù wọ́n, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá Àlàbá fa ajá tirẹ̀ wá, ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ méjì. Tanímọ̀la gé e jẹ, kò gbà kó sún mọ́ òun. Àmọ́ nígbà tí ọkọ mi dé tó bi mí, mo ní, "Ó ti gùn ún." Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ wúwo lẹ́nu mi.

Ọmọ mẹ́fà ni Tanímọ̀la bí. Nígbà tí wọ́n pé bí oṣù mẹ́fà, a rí i pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀, méjì nínú wọn a máa kọlu òpó, a máa kọlu ìkòkò. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ojú àwọn méjì yìí ló ń dán jù, bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Ojú ń dán, kò sì ríran. Kó tó pé ọdún kan, ọ̀sán gangan ti ṣókùnkùn sí wọn. Ni ọkọ mi bá gba Igolo lọ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Ajá rẹ ló kó ìfọ́jú wọ ilé bàbá mi." Bàbá Àlàbá búra pé kò sí ajá afọ́jú nínú ìran tòun rí, wọn kò gbà á gbọ́. Gbogbo ọdẹ agbègbè yìí ni kò tọrọ ọmọ ajá lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mò ń yan gàrí, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́.

Dókítà ẹranko kan, òyìnbó Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, ló gbọ́ nípa àwọn ajá náà. Ó wá pẹ̀lú Nàgó kan bíi tiwa tó ń túmọ̀ fún un, a ń pe onítọ̀hún ní Mùsé. Dókítà kán oògùn sójú ajá, ó dúró díẹ̀, ó tan iná kan tí kò ju èékánná lọ, ó wo inú ẹyinjú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí èmi náà wá wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ìsàlẹ̀ ojú Tanímọ̀la. Ó ń kọ yànrànyànràn bí wúrà, ó tún ní àwọ̀ ewé, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú sì là á kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ́ ajá yìí, n kò mọ̀ pé irú ẹwà bẹ́ẹ̀ ń gbé inú ojú rẹ̀. Nínú ojú ọmọ rẹ̀ tó fọ́, àwọn òwú ẹ̀jẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.

Dókítà ní kì í ṣe èèdì, kì í ṣe oúnjẹ, inú ìran ló ń gbé. Ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan lọ́wọ́ ìyá, ó gba ìpín kan lọ́wọ́ bàbá. Èyí tó bá gba ìpín burúkú kan ṣoṣo yóò máa ríran, àmọ́ yóò máa gbé e kiri láìmọ̀. Èyí tó bá gba méjì ló ń fọ́jú. Ó ní òun fẹ́ mú abo afọ́jú kan lọ sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú akọ ajá Bàbá Àlàbá, kí wọ́n bímọ. Bí akọ náà bá ń gbé àìsàn yìí, nǹkan bí ìdajì ọmọ wọn yóò fọ́jú. Bí kò bá gbé e, ọ̀kan kò ní fọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló lè mọ ohun tó wà nínú oyún ajá. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wa tó jókòó níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn.

Bàbá Àlàbá yọ̀ǹda akọ rẹ̀ fún wọn. Ó lé lọ́dún kan kí ọkọ̀ wọn tó gbé àwọn ajá náà padà dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àlàbá. Ọmọ méje ni wọ́n tú sílẹ̀ ní àgbàlá wa ní ìrọ̀lẹ́. Dókítà ní ká to àpótí àti odó kalẹ̀ láti dí wọn lọ́nà. Àwọn ọmọ náà sáré gba àárín wọn kọjá, wọ́n fo èyí, wọ́n yẹ̀ fún èyí, ọ̀kan kò kọlu nǹkan, ìyá wọn tí kò ríran sì ń fi imú tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Dókítà ṣí ìwé kan tó fa ìlà sí, òbí lókè, ọmọ nísàlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mùsé túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ajá Bàbá yìí mọ́. Òun kọ́ ló bí àwọn tó fọ́jú. Akọ mìíràn ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti inú ilé níbí." Ọkọ mi yíjú sí mi. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kó tó bi mí. Mo ní, "Ẹkùn ni."

Mo retí pé yóò gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá Àlàbá kò wò ó, àwọn ọmọ ajá ló ń wò. Ó ní, "Akọ mi yìí bí ọmọ mẹ́rin nílé mi lẹ́yìn ìjà wa. Mo ní n kò ní tún fún ẹnikẹ́ni ní afọ́jú. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé wọn sọ sódò." Ó bi Mùsé léèrè bóyá ojú wọn ì bá dára. Mùsé bi dókítà. Dókítà pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Gbogbo wọn."

Bàbá Àlàbá gbé ọkọ mi dìde. Ó ní òun ti dárí ji àwa méjèèjì, ó so okùn mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn, ó lọ. Nígbà tó yá, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méje náà lọ fún un, ó dúpẹ́, ó ní òun kì í sin ajá mọ́. Títí dòní, bí mo bá ń wo ojú àwọn ọmọ mi, ẹ̀rù ọ̀wọ̀ a máa bà mí, pé ohun tí a kò rí ń rìn láti ara ìyá àti bàbá bọ́ sára ọmọ, ó sì mọ ọ̀nà rẹ̀ láìṣìnà. Ẹlẹ́dàá kò gbàgbé ẹni tó bí ẹni. Èmi ni mo rò pé mo lè fi ẹnu yí i padà. Ẹ̀yin àgbà, mo ti bẹ Bàbá Àlàbá, ó ti ní kò sí nǹkan. Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ti ní òun dárí jì í?