Èmi Ni Mo Ju Àwọn Ọmọ Ehoro Gift Sómi

Ẹ fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́yìn kí n lè jókòó. Àrìnpé, aládùúgbò mi, gbé tíì yẹn kúrò, kì í ṣe tíì ló ń ṣe mí. Wọlé, ọmọ mi, sún mọ́ mi. Bàbá Jọọlá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ẹbí ọkọ mi, ẹ má tíì gbàdúrà. Gbogbo àdúrà tí ẹ ti ń gbà lé mi lórí láti ọjọ́ Àìkú, mi ò ṣe àmín sí ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun. Kò jẹ́ kí n kú, kò sì jẹ́ kí ara mi yá. Lónìí ni yóò jáde. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Gbogbo yín lẹ mọ Gift, ìyàwó tí Wọlé fẹ́ láti Igbọ́kọ̀dá. Gbogbo yín lẹ sì mọ ìdí tó fi kúrò nílé yìí. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò gba ọmọ, pé ehoro tó ń sìn pàápàá ń jẹ ọmọ wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lẹ ṣe gbà á. Irọ́ ni. Èmi Moríkẹ́, ìyá Wọlé, ni mo wà nídìí rẹ̀.

Kí òkun tó gbé ààro ẹja mi lọ, ta ni kò mọ̀ mí ní Ayétòrò? Láti Òde Mahin, láti Araromi, wọ́n ń wá ra ẹja yíyan lọ́wọ́ mi. Òkun wá ru lọ́dún kan, ó kó ààro, ó kó ilé tí mo ń kó ẹja sí, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ kí n máa wò ó. A kó lọ sẹ́yìn ìlú, sínú ilé orí òpó létí odò. Ibẹ̀ ni Gift ti ní òun fẹ́ máa sin ehoro. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní, "Ehoro lórí omi? Ṣé wọ́n á máa bá wa dẹ àwọ̀n ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iye mi, ehoro ò nílò ilẹ̀ tó pọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dán an wò." Wọlé kan àgò fún un sẹ́yìn ilé. Pákó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, àlàfo sì wà láàárín pákó kan àti èkejì kí ìgbẹ́ wọn lè máa bọ́ sódò. Ẹ má gbàgbé àlàfo yẹn o. Gift á tu ọkọ̀ lọ sókè odò lọ já ewé ànàmọ́ fún wọn, á sì dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn tó ń wá ẹja mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ehoro ìyàwó ọmọ mi. Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé Gift wà nílé?" Èmi á ní ó wà, inú mi á sì máa ta bí ẹni tí alákàn gé jẹ. Ehoro yẹn ló ń bọ́ mi, ẹnu tí mo fi ń jẹ ẹ́ náà ni mo fi ń bú ẹni tó ń sìn ín.

Ohun tó korò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Gift fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí mo fi bà á jẹ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi, ìyá ló fi mí ṣe. Bí abo ehoro kan bá fẹ́ bí, á fa irun àyà ara rẹ̀ tu, á fi tẹ́ inú àpótí. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí àwọn ọmọ náà, ojú wọn dì, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Gift á pè mí, á rọra ṣí irun náà, á ní, "Iye, ẹ wò wọ́n, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mí." Ọjọ́ kan ló wá sọ fún mi pé, "Òùngbẹ ló burú jù. Bí òùngbẹ bá gbẹ ìyá wọn lọ́jọ́ tó bímọ, á jẹ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá lọ já ewé, ẹ máa bá mi bu omi sí i fún un." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ẹ mọ ìṣe wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iyọ̀ òkun bá ti wọnú odò, tí omi mímu di ọ̀wọ́n. Ìyá ilé ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀mù omi òjò lọ́wọ́, òun ló ń bù ú fún tọmọdé tàgbà. Ìyàwó kì í tọ́ omi tí ìyá ọkọ rẹ̀ bù wò. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò ti pe ìyá ilé ní ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ ìṣe yẹn ni mo sá sí. Omi odò tó ti níyọ̀ ni mo ń bù sínú abọ́ ehoro. Ó mọ́ gaara, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Abo kan bí, ó jẹ gbogbo ọmọ rẹ̀. Gift sunkún. Òmíràn bí, òun náà jẹ wọ́n. Gift wá inú àgò, ó pààrọ̀ ewé, ó pààrọ̀ àpótí, kò tọ́ omi wò. Ọ̀wọ̀ tó ní fún mi kò jẹ́ kó tọ́ ọ wò.

Lákòókò yẹn oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Àrìnpé, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, a jọ ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Ohun tó ń jẹ ọmọ nínú àgò, ṣé òun kọ́ ló ń jẹ ọmọ nínú ilé?" O ní, "Ìyá Wọlé, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo etí odò ti gbọ́. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ẹni tó sọ iná sórí òrùlé ni kó sọ̀rọ̀, a kì í bi afẹ́fẹ́.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù kún, odò náà kò níyọ̀ mọ́. Abo funfun kan bí, kò jẹ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń sanra, Gift ń kọrin, Wọlé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé irọ́ mi fẹ́ kú. Ọ̀sán gangan ni, Gift ti lọ já ewé. Mo ṣí àpótí, mo ki ọwọ́ bọ inú irun náà. Wọ́n gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ tuntun rí, ẹ mọ irú ooru yẹn. Wọ́n rò pé ìyá wọn ni mí, wọ́n ń fi ẹnu wá ọmú ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àlàfo pákó. Mi ò gbọ́ ìró wọn nínú omi, wọn ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn ká jọ sí igun, ó ń wò mí. Mo ti àpótí, mo jáde, mo fi igbe ta pé, "Ó tún ti jẹ wọ́n o!"

Bàbá Jọọlá, ẹ̀yin lẹ pe ìpàdé. Mo dìde níwájú yín, mo ní bí Gift bá pẹ́ nílé yìí, Wọlé kò ní fojú kan ọmọ láyé. Wọlé ní, "Gift, sọ̀rọ̀." Gift wo Wọlé, ó wo etí ìró mi, kò sọ nǹkan kan. Ẹ ní ẹni tó bá mọ́ yóò lanu. Ẹ ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ná.

Mo sìn ín dé èbúté, kí àwọn èèyàn lè sọ pé mo láàánú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ṣa nǹkan kan létí ìró mi. Irun funfun ni. Ó ní, "Iye, láti inú ìpàdé ni mo ti rí i. Ehoro tó jẹ ọmọ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àpótí yẹn mọ́." Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?" Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́. Ojú tí Wọlé fi wò mí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ti gbà á gbọ́ kí n tó lanu." Ó ju irun náà sódò, ó wọ ọkọ̀ Sàláúdéènì tó máa ń kó èrò lọ sí Igbọ́kọ̀dá, kò wẹ̀yìn.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọlé ti gba Wàrí lọ nígbà tí Sàláúdéènì wá jẹ́ iṣẹ́ tí Gift rán an. Ó ní, "Ìyá, Gift ní kí n sọ fún Wọlé pé òun lóyún, pé ó ti wà lára òun kí òun tó kúrò nílé." Mo ní èmi fúnra mi ni n óò sọ fún un. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó tún padà wá. Ó ní, "Ó ti bí ọkùnrin o. Ìtẹ́olúwakìṣí ló sọ ọ́. Ó ń béèrè ohun tí Wọlé wí." Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, mo ní, "Wọlé ní òun kọ́ ló ni ọmọ." Ìdí nìyẹn, Wọlé, tí Sàláúdéènì kì í fi í kí ọ mọ́. O máa ń bi mí pé kí lo ṣe fún un.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ehoro tó jẹ ọmọ rẹ̀, òùngbẹ ló gbẹ ẹ́. Èmi, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá mi rèé. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin náà yóò di ìyá ọkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ọmọ yín obìnrin tàbí ìyàwó ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò béèrè yín, ẹ dáhùn pé ó wà nílé, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Wọlé, o ti dìde. Àrìnpé, fi í sílẹ̀, má dì í mú, mo mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ mi, bí o bá dé Igbọ́kọ̀dá, má bá mi bẹ Gift. Ara rẹ ni kí o bẹ̀ ẹ́ fún, torí irọ́ nìkan ni mo pa, èmi kọ́ ni mo ní kí o fi ojú yẹn wò ó níbi ìpàdé. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Kí o tó sọ ohunkóhun fún ìyá rẹ̀, sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ rí. Èmi ni mo kọ̀ ọ́.