Sítíkà Ẹgbẹ́ Tí Mo Ní Kí Hanifah Ya

Ẹ má tíì mú owó yẹn jáde. Bọ́dúnrìn, ìwọ alága wa, jọ̀ọ́, jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ gbàdúrà fún mi kí ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi owó yìí lé mi lọ́wọ́ kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, mo tún ti jà yín lólè lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló ṣì gbé mi dúró. Ẹni tó bá dé ibi tí mo dé yìí, kí ló tún kù tó ń fi pamọ́? Òótọ́ fẹ́ jáde lẹ́nu mi lónìí. Ẹ jẹ́ kó jáde tán kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́kun.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, àwa ọjọ́-orí kan náà, fi ta ilé-ìwé kan ní Ìmùṣin lọ́rẹ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbàgbé? Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lórí Wasáàpù ẹgbẹ́ títí di òní. Ọdún yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá ohun tí wọn yóò ṣe tí ìlú yóò gbọ́ kí ọdún Ojúde Ọba tó dé. Àwọn kan nínú yín ní ká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Èmi ni mo ní ká ra kọ̀ǹpútà, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé yẹn kò sì tíì fọwọ́ kan máòsì rí. Gbogbo yín pariwo pé Kúnlé Ṣóyẹmí ló mọ iṣẹ́ yìí, Kúnlé ni kó rà á. Ẹ kó owó fún mi, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè ohun kan. Ta ló jẹ́ bi mí? Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ojúgbà bá béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ojúgbà, ó ti pè é lólè nìyẹn. Àṣà tó dára ni o. Abẹ́ àṣà yẹn náà ni mo sá sí.

Mo kọ́kọ́ gbà yín nímọ̀ràn gidi, kí n má purọ́ mọ́ ara mi. Mo ní owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀, pé ẹ jẹ́ ká ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú òyìnbó ti lò tì, àwọn dúdú tí kò lẹ́wà ṣùgbọ́n tí wọ́n le bí òkúta. Mo ní ká má ná owó sára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, inú ni ká ná an sí: ká fi ráàmù, agbára ìrántí rẹ̀, gíígì mẹ́jọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká yọ háàdì àtijọ́ kúrò, ká fi SSD, àpamọ́ ìgbàlódé tó yára, rọ́pò rẹ̀. SSD yẹn nìkan tó láti mú kí kọ̀ǹpútà arúgbó dìde sáré. Bọ́dúnrìn, ṣé o rántí èsì rẹ? O ní, "Kúnlé, ṣé àwọn nǹkan dúdú bí ìdí ìkòkò wọ̀nyí la máa gbé síwájú àlejò? Kí wọ́n wá sọ pé ẹgbẹ́ wa ti wó?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ojú ẹ̀rọ fífẹ̀ lẹ ń fẹ́, ẹ ní èèpo tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé lẹ ń fẹ́, ẹ sì ní kí orúkọ ẹgbẹ́ hàn gàdàgbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwa Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin náà mọ̀ wá.

N kò sọ èyí láti fi ẹ̀bi lé yín lórí. Iná àti ojú fífẹ̀ jẹ owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kù ṣì tó ra ráàmù àti SSD tó mọ́yán lórí. Ọwọ́ mi ni ìyókù wà. Ṣọ́ọ̀bù mi sì ti ń kú lọ nígbà yẹn, nítorí pé fóònù ni gbogbo ayé ń lò. N kò tíì san owó aṣọ àti fìlà tí a fẹ́ fi jáde lọ́dún náà, ẹ̀yin sì máa ń ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Ìtìjú yẹn ni n kò lè gbà. Ráàmù gíígì méjì péré ni mo fi sí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Háàdì tí mo sì fi sí i, àwọn tí oníbàárà ti jù nù sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni. Mo wá kó ìyókù owó náà, mo fi san gbèsè tí mo jẹ yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Owó yín ni mo fi san owó yín, ẹ sì ń pè mí lọ́mọ ọkọ.

Mo wá ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Sítíkà orúkọ ẹgbẹ́ wa, orí ibi tí èèpo ẹ̀yìn ti pàdé ara ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí kọ̀ǹpútà láìya orúkọ wa. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dán an wò. Lọ́jọ́ tí a gbé wọn fún ilé-ìwé, tí iná ń ṣẹ́jú gbogbo, alága wa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹni tó bá ya orúkọ yìí, ẹgbẹ́ wa ló fojú di o!" Àwọn ọmọ hó yèè. Èmi náà hó.

Olùkọ́ tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà náà ni Hanifah. Ọmọ Ìbẹ́fún ni, kò tíì pẹ́ tó parí ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Sà, àwọn kọ̀ǹpútà yìí ń lọ́ra jù. Agogo ìparí ẹ̀kọ́ máa ń lù kó tó ṣí tán, àwọn ọmọ á kàn jókòó máa wo bó ṣe ń yí." Mo ní fíláàṣì tí àwọn ọmọ ń kì bọ̀ ọ́ ló kó kòkòrò wọ inú rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́, ó sì fìyà jẹ ọmọ méjì nítorí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà.

Nígbà tó yá, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nílé níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú owó wínníwínní nínú ọ̀rá. Àwọn òbí ọmọ ló dá a jọ. Ó ní, "Sà, kò pọ̀. Pẹ̀lú èyí tó wà níbí, èwo la máa kọ́kọ́ ṣe, ráàmù ni àbí SSD? Ṣé ká tún díẹ̀ ṣe dáadáa ni, àbí ká fi díẹ̀díẹ̀ kan gbogbo wọn?" Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí oníbàárà tó bi mí ní ìbéèrè tó gún régé tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ń yún mi láti dá a lóhùn: díẹ̀ ni kó tún ṣe dáadáa, SSD ni kó kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìdí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àṣírí tú. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: ọ̀nà ṣì là fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo lè sọ pé, "Fi sílẹ̀, màá wá ṣe é fúnra mi." Mo lè yá owó, kí n fi ohun tó yẹ sínú rẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọmọ tó gbọ́n tó báyìí yóò mọ̀, yóò sì sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń wo ojú rẹ̀ ni mo pinnu láti gbé e sọnù.

Mo ní, "Hanifah, ọmọ mi, lọ ṣí wọn. Wo irú ráàmù tó wà níbẹ̀, kí o ya fọ́tò rẹ̀ wá, ká lè ra èyí tó máa bá a mu." Ó ní, "Sà, orúkọ ẹgbẹ́ yín ńkọ́?" Mo ní, "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo ní kí o ya á." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mi sí. Kò tíì sọdá títì tán tí mo fi pè ọ́, Bọ́dúnrìn. Mo ní mo gbọ́ pé olùkọ́ Ìmùṣin ti ń ya orúkọ wa, pé ó ń yọ nǹkan inú kọ̀ǹpútà tà.

Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ la bá a tó jókòó sí, súkúrúdíráfà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ṣíṣí síwájú rẹ̀, orúkọ wa sì ya yánnayànna. Nígbà tó rí mi láàárín yín, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ò kíyè sí i, ṣùgbọ́n èmi rí i. Inú rẹ̀ dùn pé mo wá ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Sà, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Gíígì méjì péré ni mo bá níbẹ̀ o." Mo kọjú sí yín, mo ní, "Gíígì mẹ́jọ ni mo fi síbẹ̀." Ó ní, "Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n ṣí i?" Mo ní, "Ọmọ yìí, láti ọjọ́ tí a ti gbé nǹkan wọ̀nyí wá, mi ò fojú kàn ọ́ mọ́." Ẹnìkan nínú yín ṣí báàgì ọmọ náà, ó rí owó àwọn òbí nínú ọ̀rá, ó ní owó ohun tó tà nìyẹn. Mo mọ ọ̀rá náà. Mo mọ owó náà. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Ẹ fẹ́ fà á fún ọlọ́pàá, èmi ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í fún Ọlọ́run, ẹ sì yìn mí pé mo lójú àánú. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe àánú. Mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá béèrè ibi tí mo ti ra nǹkan.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi láti Ìbẹ́fún, ìyá àgbà tó ń ta gaàrí. Ó ní, "Ọ̀gá, dede ọjà pátá ni wọ́n ti ń pe ọmọ mi lólè. Òun ní ẹ̀yin lẹ ní kó ṣí i. Ẹ wojú mi, kí ẹ sọ pé irọ́ ló pa." Mo wojú ìyá náà, mo ní irọ́ ló pa. Mo tún fún un lówó ọkọ̀, ó sì súre fún mi. Ó gbà mí gbọ́ nítorí pé àgbà ni mí. Nígbà tó délé, ó kó ẹrù ọmọ rẹ̀ síta. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì kì í rí ara wọn. Inú yàrá kan ní Ìjagun ni Hanifah wà, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ilé-ìwé tó fẹ́ gbà á.

Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń kùn. Bọ́dúnrìn, mo gbọ́ ohun tí o sọ: "Kúnlé, ó ti tó, ká fi í sábẹ́ òrùlé yìí, Ojúde Ọba kù sí dẹ̀dẹ̀." Rárá o. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, èmi ni mo sì jẹ ẹ́. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi lọ sí Ìbẹ́fún kí ìyá yẹn tó kú. Ẹ lọ pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ lórí, bí ẹ ṣe lọ lé ọmọ rẹ̀. Kí ẹ sì lọ dúró níwájú àwọn ọmọ Ìmùṣin, kí ẹ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ pé Hanifah kò jalè, Kúnlé Ṣóyẹmí ló jalè. Bí mo bá ṣì lè dìde, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́. Owó tí ẹ gbé wá yìí, ẹ má fi fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ fi ra ohun tó yẹ kó wà nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò ti owó yẹn kì í ṣe tèmi. Mo pe Hanifah lórí fóònù lánàá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un láìku ẹyọ kan, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́.  Ó ní, "Sà, ṣé àwọn ọmọ yẹn ti rí kọ̀ǹpútà gidi lò?" Mo ní rárá, pé láti ọjọ́ yẹn ni yàrá náà ti wà ní títì, àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò wá tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan nìyẹn, sà." Ó sì pa fóònù rẹ̀.