Ta Ló Bu Omi Fún Ọ?

Nínú lọ́rì tó gbé wa láti Kábà lọ sí Òkè-Bùkún, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé láti Ìlú Ọba jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin.

"Ìyá, mo fẹ́ padà lọ máa gbé ibẹ̀. Kò sí ibi tí mi ò mọ̀. Bí a bá ti gba ìsinmi, mo ti wọ rélùwéè nìyẹn. Mo dé etíkun wọn, mo gun òkè wọn."

"Òkè tiwa ò ga tó fún ọ. Níbi tí o dé yẹn, ta ló bu omi fún ọ mu?"

"Omi wà lẹ́nu ẹ̀rọ, Ìyá."

"Ewúrẹ́ pàápàá ń rìn kiri, ó ń rí omi mu. Mo ní, ta ló bu omi fún ọ?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Obìnrin kan fún mi ní tíì lọ́jọ́ kan."

"Nínú ilé rẹ̀?"

"Lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó dúró kí n mu ún tán, ó gba ife rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn."

"Ohun tí o fẹ́ lọ rò fún ìyá rẹ nìyẹn, tí o fi máa fi í sílẹ̀?"

"Òtútù pọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá. Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ṣì ń dùn mí.